Bí a ṣe ń rin ẹ̀yìn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ lásìkò ọyẹ́

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ sì kú ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń lọ sópin, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Àwọn àbúrò mi tó wà ní Àjàṣẹ́ á pè, àwọn ọ̀rẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kùtọnu á pè, àwọn ará Kétu náà ò ní gbẹ́yìn: "Ẹ̀gbọ́n, a fẹ́ wá rin orí òkè Ṣábẹ̀ẹ́ lásìkò ọdún. Kí la máa mú dání? Ọ̀nà wo la máa gbà?" Orí fóònù ni mo ti máa ń ṣàlàyé, mo sì máa ń gbàgbé nǹkan kan fún ẹnì kan. Ohun tí mo bá gbàgbé yẹn ló lè kó onítọ̀hún sí wàhálà lókè. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ gbogbo rẹ̀ síbí, láti ìgbà tẹ́ ẹ bá ń di ẹrù títí dìgbà tẹ́ ẹ máa bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀.

Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní nǹkan bí 250 kìlómítà sí àríwá Kùtọnu, lójú ọ̀nà Parakou. Ẹni tó bá ti kọjá níbẹ̀ rí á ti rí àwọn àpáta ńláńlá tó yọrí sókè lẹ́bàá ìlú, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní Mamelles de Savè nítorí pé wọ́n rí róbótó bí ọmú. Ọ̀pọ̀ àlejò á gun ọ̀kan fún wákàtí kan, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Èyí tí mo fẹ́ sọ ni ìrìn ọjọ́ kan gbáko lórí ẹ̀yìn òkè: kí èèyàn gun àpáta kan, kó sọ̀ sínú igbó tó wà láàárín rẹ̀ àti èkejì, kó tún fọwọ́ fẹsẹ̀ gun ìyẹn, kó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì rí ọfà tí wọ́n fi ọ̀dà yà síbẹ̀ fún àlejò. Ọ̀nà ọdẹ ló wà, ọ̀nà àwọn Fúlàní darandaran wà, ọ̀nà ewúrẹ́ náà wà, gbogbo wọn ló sì máa ń parẹ́ tí wọ́n bá ti kan àpáta gbalasa. Ẹ lè rìn láti àárọ̀ kẹ́ ẹ má pàdé ju ọdẹ kan ṣoṣo lọ.

Ìgbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá wọ oṣù Kejì, ni mo fọwọ́ sí. Nígbà òjò, àpáta á máa yọ̀ bí ilá, koríko á ga ju èèyàn lọ, àrá á sì máa sán lórí òkè tí kò síbi tí èèyàn lè sá sí. Tó bá fi máa di oṣù Kẹta, ooru á ti mú débi pé àpáta á máa jó àtẹ́lẹwọ́. Ọyẹ́ ló dáa jù. Àmọ́ ọyẹ́ máa ń tan èèyàn. Afẹ́fẹ́ tútù á jẹ́ kẹ́ ẹ rò pé òùngbẹ ò gbẹ yín, nígbà tí omi ti ń tán lára. Àpáta á gbẹ táútáú, ẹ óò rò pé kò lè yọ̀, bẹ́ẹ̀ eruku ti bò ó. Òkè tó wà nítòsí á rí bí èyí tó jìnnà, èyí tó jìnnà á sì pòórá pátápátá. Gbogbo ohun tí mo bá ní kẹ́ ẹ ṣe nísàlẹ̀ yìí, nítorí ẹ̀tàn yìí ni.

Ẹ gba àṣẹ kẹ́ ẹ tó gba ọ̀nà

Òkè yìí ní àwọn tó ni ín. Láyé ogun Dàhómì, nígbà tí wọ́n ń kó wa lẹ́rú, inú àpáta wọ̀nyí làwọn baba wa sá sí. Ojúbọ wà níbẹ̀, ibi tí ẹsẹ̀ àlejò kò gbọdọ̀ tẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mi ò ní kọ ibi tí wọ́n wà síbí, torí kì í ṣe tèmi láti kọ. Ẹni tó bá lọ béèrè ni wọ́n máa sọ fún.

Ẹ rí i pé ẹ dé ìlú lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ sì lọ kí baálé àdúgbò tó sún mọ́ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbà gùn. Ẹ mú obì dání. Kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀. Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbà, ẹ béèrè ohun tó jẹ́ èèwọ̀, ẹ béèrè bóyá ọjọ́ tẹ́ ẹ mú dára, kẹ́ ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún yín ní ẹni tó mọ̀nà. Tí wọ́n bá ní ẹ má gba ibì kan, ẹ má gba ibẹ̀, kódà kó jẹ́ ibẹ̀ ló yá jù. Owó ẹni tó máa mú yín lọ, ẹ sọ ọ́ lójú baálé kí ilẹ̀ tó ṣú, kó má di àríyànjiyàn lórí àpáta.

Bàbá ọdẹ kan wà tí mo máa ń lọ bá. Àgbà ti dé sí i, kì í gun òkè mọ́, ọmọ rẹ̀ ló ń mú wa lọ. Bí mo bá ti kí i tán, ìbéèrè rẹ̀ kì í yí padà:

"Ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń lọ?"

"Mẹ́rin ni wá, Bàbá."

"Ìgbà wo lẹ máa dé?"

"Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Bàbá, kò ní kọjá bẹ́ẹ̀."

Á bẹ̀rẹ̀, á ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin nílẹ̀, á tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, níbi tí ewúrẹ́ kò ti ní tẹ̀ wọ́n. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí òkúta ṣì wà níbẹ̀, ó mọ̀ pé èèyàn ṣì wà lókè, ó sì mọ iye ẹni tí wọ́n máa wá. Ẹ̀yin náà, ẹ wá ẹnì kan nísàlẹ̀ tó máa ṣe irú èyí fún yín, tó mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà àti wákàtí tó yẹ kẹ́ ẹ ti dé. Fóònù lè kú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má sí lẹ́yìn àpáta. Ẹni tó ń retí yín kò ní gbàgbé yín.

Àwọn tí mo máa ń bẹ̀ pé kí wọ́n dúró nísàlẹ̀

Ẹni tó bá ní ikọ́ fée, eruku ọyẹ́ lè gbé e dìde lójijì. Kó bi dókítà rẹ̀ kó tó wá, kí oògùn tó ń fà símú má sì kúrò nínú àpò rẹ̀. Ẹni tó bá ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde, ẹ jọ̀wọ́, kó má gun ẹ̀yìn òkè yìí nígbà ọyẹ́. Òtútù àárọ̀, àìtó omi lára àti iṣẹ́ àṣekára wà lára ohun tó máa ń fa ìrora náà, gbogbo wọn ló sì péjọ síbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun ọ̀dọ́ láti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bá a rìn yí ẹsẹ̀ òkè ká, ibẹ̀ náà lẹ́wà.

Ẹrù

Omi ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, omi ni mo sì máa pẹ́ lórí rẹ̀.

Lítà 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán. Ẹni tó bá sanra tàbí tó ń làágùn púpọ̀, kó gbé 5. Ẹ má fọkàn tán omi orí òkè. Àwọn kòtò inú àpáta tó máa ń kún nígbà òjò, nígbà tó bá fi di oṣù Kìn-ín-ní, ẹrẹ̀ gbígbẹ àti ìgbẹ́ ẹyẹ ló kù nínú wọn. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn gbẹ débi pé òógùn á ti gbẹ lára kẹ́ ẹ tó rí i. Aṣọ yín ò ní rin, iwájú orí yín ò ní tutù, ẹ óò sì rò pé ẹ ò làágùn. Ẹ fọwọ́ ra ojú yín lọ́sàn-án, ẹ óò bá iyọ̀ níbẹ̀. Òógùn náà nìyẹn.

Ní ọdún kan, àbúrò mi kan bá wa lọ. Ó lágbára, bọ́ọ̀lù ló ń gbá. Nígbà tó di ọ̀sán, lórí àpáta kejì, iṣan itan rẹ̀ méjèèjì dì pọ̀, ó ṣubú, ó ń pariwo. A jókòó tì í nínú ibòji kékeré kan, mo ṣí àpò rẹ̀ láti fún un lómi. Ike omi mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, méjì kún bámúbámú, a ò tíì já ìdérí wọn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò mu ún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òtútù ń mú mi, òùngbẹ ò gbẹ mí." Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Mo sọ fún un pé kó gbé omi, mi ò sọ fún un pé kó mu ún.

Láti ọjọ́ náà, aago la fi ń mu omi. Ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, gbogbo wa á dúró, gbogbo wa á mu tó ìdá mẹ́rin lítà kan lójú ara wa, ẹni tí òùngbẹ gbẹ àti ẹni tí kò gbẹ. Tẹ́ ẹ bá lọ tọ̀ tí ìtọ̀ pọ́n bí tíì, ẹ ti pẹ́ jù, ẹ dúró kẹ́ ẹ mu sí i. Kí iyọ̀ náà lè padà sára, mo máa ń po lítà kan báyìí láti alẹ́: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí tíì 6 tí a fi ọ̀bẹ rẹ́ lórí, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì kan náà. Ẹ má fi kún iyọ̀ náà torí pé ẹ fẹ́ kó ṣiṣẹ́ kíá. Èyí ni ẹ máa mu láti aago 11 lọ. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì fi lítà kan sílẹ̀ tí kò ní fọwọ́ kàn títí ẹ óò fi padà dé abẹ́ igi nísàlẹ̀.

Aṣọ: àárọ̀ lè tutù wá sí ìwọ̀n 18 tàbí 20 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, ọ̀sán ọjọ́ kan náà á sì kọjá 34. Nítorí náà, ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ alápá gígùn sínú, kẹ́ ẹ gbé súwẹ́tà lé e, kẹ́ ẹ bọ́ ọ tí oòrùn bá ti gòkè. Ṣòkòtò gígùn tó nípọn. Fìlà abetí-ajá dára lówùúrọ̀, torí etí ni ọyẹ́ máa ń kọ́kọ́ gbé. Lọ́sàn-án, fìlà tó ní etí gbòòrò. Ẹ mú aṣọ kan tẹ́ ẹ lè fi bo imú àti ẹnu nígbà tí eruku bá dìde. Ẹni tó ń lo awò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, kó fi sílé, kó lo awò ojú lásán. Ẹ fi òrí pa ètè, gìgísẹ̀ àti ẹ̀bá ihò imú láti alẹ́, kẹ́ ẹ sì tún mú díẹ̀ dání. Agbègbè wa ni igi ẹ̀mí ti ń so, ẹ óò rí òrí tó dáa rà lọ́jà. Àmọ́ ẹ nu àtẹ́lẹwọ́ yín mọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan àpáta.

Bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tó rọ̀ díẹ̀, ló dára. Ẹ fi èékánná tẹ ìsàlẹ̀ bàtà náà: tó bá le bí pákó, á yọ̀ lórí àpáta. Ẹ má wọ bàtà tuntun wá. Ẹ gé èékánná ẹsẹ̀ yín ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ óò rí ìdí rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀.

Nínú àpò tó kù: tọ́ọ̀ṣì tí a ń so mọ́ orí, fèrè (ìfọn mẹ́ta léraléra ni àmì pé ẹnì kan wà nínú wàhálà), báńdéèjì gbọọrọ méjì, pílásítà, àdá kékeré kan fún gbogbo ẹgbẹ́, okùn nǹkan bí mítà 20. Okùn yìí wà fún sísọ àpò kalẹ̀ àti fún ẹni tó ń sọ̀ láti dì mú. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ okùn kò gbọdọ̀ fi gbé ara rẹ̀ kọ́. Ẹ gba àwòrán ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ sórí fóònù yín nílé, bí irú èyí tó wà nínú OsmAnd, torí òun kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti fi ibi tẹ́ ẹ wà hàn yín. Oúnjẹ: dùndú iṣu, wàǹgàṣì (wàrà) díndín, ẹ̀pà, ọsàn. Ẹ má fi lọ́fínńdà para. Ẹ óò mọ ìdí nígbà tí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ oyin.

Kùtùkùtù

Lóṣù Kìn-ín-ní, oòrùn kì í yọ ní Ṣábẹ̀ẹ́ kí aago 7 àárọ̀ tó lù, ó sì máa ń wọ̀ kí aago 7 alẹ́ tó lù. Ẹ kúrò nílé ní aago 6 ku díẹ̀. Zẹ́míjàn lè gbé yín dé ibi tí ọ̀nà oko parí sí. Ẹ bá ọlọ́kadà náà dá ìgbà tó máa padà wá gbé yín. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó kúrò, kẹ́ ẹ sì mu ìdajì lítà omi nílé. Ìyẹn ò sí lára lítà 4.

Ẹ óò kọ́kọ́ gba inú oko kọjá. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa ṣọ́ra fún wèrèpè. Nígbà ọyẹ́, èso rẹ̀ á ti gbẹ, irun rẹ̀ á máa fò nínú afẹ́fẹ́. Ẹ máa wo ìtàkùn tó so èso onírun pupa-rẹ́súrẹ́sú kẹ́ ẹ tó fi ara gba igbó. Tó bá kàn yín, ẹ má họ ọ́ rárá. Ẹ lẹ pílásítà mọ́ ibẹ̀, kẹ́ ẹ ṣí i kúrò pẹ̀lú irun náà, kẹ́ ẹ tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ tó fi omi kàn án.

Ejò náà wà. Òtútù àárọ̀ máa ń jẹ́ kó rọ, á wá jáde sórí àpáta láti yá oòrùn. Paramọ́lẹ̀ kì í sá fún èèyàn, ibi tó wà ló máa dúró sí títí ẹ óò fi tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, ibi tí ojú yín kò bá tíì dé, ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ má ti ọwọ́ bọ pàlàpálá àpáta láti fi fa ara sókè. Tó bá ṣẹlẹ̀ pé ejò bu ẹnì kan jẹ, ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ bọ́ òrùka àti bàtà kúrò níbi tó ti bù ú, ẹ fi igi àti báńdéèjì di ẹsẹ̀ náà kó má mì, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má gé e lábẹ, ẹ má fi ẹnu fa oró, ẹ má fi okùn dì í pinpin.

Iná ọ̀dàn ló ń bà mí lẹ́rù ju ejò lọ. Ìgbà yìí làwọn èèyàn ń sun igbó, ọyẹ́ sì máa ń fẹ́ ẹ. Tẹ́ ẹ bá rí èéfín, ẹ dúró kẹ́ ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Iná máa ń yára gun òkè ju èèyàn lọ, ẹ má ṣe sá gba inú koríko lọ sókè níwájú rẹ̀. Àpáta gbalasa tí koríko kò hù lórí rẹ̀ ni ilé ìsádi yín. Ẹ jókòó sí àárín rẹ̀, ẹ fi aṣọ bo imú, kẹ́ ẹ jẹ́ kó kọjá. Ibi tó ti jó tán náà dára, tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ti tutù tó láti tẹ̀.

Lórí àpáta

Ibí ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń ṣubú, torí àpáta gbígbẹ ni wọ́n rí. Eruku ọyẹ́ ti tò sórí rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òkúta kéékèèké bí iyanrìn sì wà nínú eruku náà tó máa ń yí lábẹ́ bàtà. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ẹ fi ìsàlẹ̀ bàtà kan nu ara ṣòkòtò, lẹ́yìn náà èkejì. Ẹ tún un ṣe nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá ti orí ilẹ̀ bọ́ sórí àpáta. Ẹ fi ẹsẹ̀ gbá eruku kúrò níbi tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé ara lé e.

Ẹ tẹ gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́ àpáta, kí gìgísẹ̀ rẹlẹ̀. Ẹ gbé ìṣísẹ̀ kékeré. Ìbẹ̀rù á máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ rọ̀ mọ́ àpáta bí ọmọ tó rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti dùbúlẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ yín á yọ̀. Ẹ na ìbàdí sẹ́yìn díẹ̀, kí ìwúwo ara wà lórí ẹsẹ̀ gan-an. Ibi tó bá dúdú gbọọrọ lára àpáta, ipa omi òjò ni. Ó lè dára láti tẹ̀ nígbà tó bá gbẹ, àmọ́ mo máa ń yà á sílẹ̀.

Ohun tí ọmọ Bàbá ọdẹ kọ́ mi nìyí. Àpáta wa máa ń ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ìpele kan lè fẹ̀ tó ẹní, kó dùn ún tẹ̀ lójú, bẹ́ẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo. Lọ́jọ́ kan, ó na ọwọ́ dí mi lọ́nà. Ó di àdá mú ní orí, ó fi ìdí rẹ̀ lu ibi tí mo dúró sí: kọ́, kọ́, kọ́. Ó gbé ìṣísẹ̀ kan síwájú, ó tún lù ú: kọ́, kọ́. Ó wá lu ibi tí mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé, ó dún bọ̀ọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá lu akèrègbè òfìfo. Kò sọ nǹkan kan. Ó wò mí, ó gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi òkúta tàbí ìdí àdá lu ibi tí mo bá ṣiyèméjì sí. Ẹ̀yin náà, ẹ máa lù ú, ẹ máa tẹ́tí.

Ibi tí ẹ kò bá lè sọ̀, ẹ má gùn ún. Bí ibì kan bá ga gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ gun ìṣísẹ̀ méjì sókè, kẹ́ ẹ sì sọ̀ ọ́ padà. Tí sísọ̀ náà bá ni yín lára, ẹ wá ọ̀nà mìíràn.

Lórí ẹ̀yìn òkè

Nígbà tẹ́ ẹ bá dé orí àpáta àkọ́kọ́, ẹ óò retí láti rí ọ̀nà jíjìn. Nígbà ọyẹ́, ẹ lè má rí i. Funfun bí ẹ̀kọ ni gbogbo rẹ̀ máa ń rí nígbà míì, oòrùn á dà bí owó fàdákà. Ẹ má ṣe ro ìgbà tẹ́ ẹ máa dé àpáta tó kàn láti inú bó ṣe rí lójú. Ẹ wò ó lórí fóònù.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò lórí àpáta kan, ẹ yí padà, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ibi tẹ́ ẹ ti wá. Ọ̀nà kì í jọ ara rẹ̀ nígbà àbọ̀. Ibi tí ọ̀nà bá ti pín sí méjì nínú igbó, ẹ ṣe bí àwọn ọdẹ: ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka tútù kan, kẹ́ ẹ fi dábùú ọ̀nà tí ẹ kò gbà. Ẹ ṣa á kúrò nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà, kí ẹlòmíì má ṣìnà. Ẹ má to òkúta lé ara wọn, ẹ má sì tú èyí tẹ́ ẹ bá tí wọ́n tò. Ọyẹ́ fúnra rẹ̀ náà lè tọ́ yín sọ́nà: láti àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá. Bẹ́ ẹ bá dojú kọ àríwá, á máa lu yín ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e nínú igbó àárín àpáta méjì ṣá, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń yí kiri.

Oyin. Inú pàlàpálá àpáta ló ń gbé, omi sì ṣọ̀wọ́n fún òun náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òógùn yín àti ẹnu ike omi yín ló máa wá. Ọ̀kan tàbí méjì tó ń bà lé apá, ẹ má pa á, ẹ má jù ú. Ẹ dé ike omi, kẹ́ ẹ máa lọ jẹ́ẹ́. Lọ́fínńdà máa ń fà á mọ́ra, òórùn oyin tí a tẹ̀ pa sì máa ń pe àwọn yòókù wá. Tí ẹ bá gbọ́ ariwo wọn tó ń hó nínú àpáta, ẹ yà kúrò níbẹ̀ jìnnàjìnnà. Tí wọ́n bá dà bò yín, ẹ fi aṣọ bo orí àti ojú, kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀ kíá sínú igbó, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ rántí etí àpáta. Tí ojú ẹnì kan bá wú tàbí tí mímí rẹ̀ yí padà, ọsibítù ló kàn.

Aago 12 ọ̀sán, ibi yòówù kẹ́ ẹ bá dé, ẹ yí padà. Kódà kó jẹ́ pé àpáta tó gbẹ̀yìn ló wà níwájú yín tí ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo mọ bó ṣe máa ń dunni, mo ti fi àpáta kan ṣoṣo yẹn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ sọ̀ sínú igbó àárín àpáta, ẹ wá ibòji, ẹ sinmi fún ìdajì wákàtí, ẹ jẹun. Tí orí bá ń fọ́ ẹnì kan, tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fi omi rin ọrùn àti abíyá rẹ̀, ẹ fẹ́ ẹ. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, ẹ má dúró kó sinmi, ẹ fọn fèrè, ẹ ránṣẹ́ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ máa fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ máa mú ara rẹ̀ tutù títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé.

Sísọ̀

Ẹ di okùn bàtà yín le, pàápàá níwájú ọrùn ẹsẹ̀, kí ìka má máa gbá iwájú bàtà. Èékánná tí mo ní kẹ́ ẹ gé nìyẹn. Ẹ rọ orúnkún. Níbi tó bá dá gẹ̀rẹ́ díẹ̀, ẹ dojú kọ ìsàlẹ̀. Níbi tó bá le, ẹ kọ ojú sí àpáta kẹ́ ẹ máa sọ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ lórí àkàbà, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ máa sọ ibi tí ẹsẹ̀ máa bà fún ẹni tó wà lókè. Kò sí ìtìjú nínú kéèyàn fi ìdí wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kankan dúró ní tààrà lábẹ́ ẹlòmíì, torí òkúta tó bá já. Ẹ ò gbọdọ̀ sáré. Ní aago yìí, ẹsẹ̀ ti rẹ̀, omi ti fẹ́ tán, ọkàn yín á sì ti wà lórí iyán tó ń dúró nílé.

Lítà omi tó kù, ẹ mu ún lábẹ́ igi. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ ojú àti imú nílé, ẹ fi òrí pa ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì mu omi títí ìtọ̀ á fi mọ́ padà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó wọlé wẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ jẹ́ iṣẹ́ fún ẹni tó ń retí yín.

Ní ọdún tó kọjá, aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá la dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń gbẹ́ ọ̀pá àdá. A kí i, a dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú eruku lára. Kò dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó kọ́kọ́ wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Ó wá na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó kó òkúta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dà wọ́n sínú àgbàlá. "Ẹ kú ewu," ó ní. "Ẹ jókòó, kí wọ́n bù omi wá."